Igi Obì Tí Wọ́n Mú Ní Ibodè

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi mú ọmọ tí a lọ gbà ní ilẹ̀ Nàìjíríà wọ Dahomey, àwọn aṣọ́bodè kò béèrè ìwé kankan nípa ọmọ náà. Igi tó bá a wá ni wọ́n mú. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n fi ọ̀pá fa ìlà yí i ká nílẹ̀, ọ̀gá wọn sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ ìjọba ní Pobè sọ̀rọ̀ sí i.

Ó ti tó nǹkan bí ọdún márùn-ún nígbà náà tí a gba òmìnira. Àwọn ọmọ ogun kò tíì gbé ìjọba tí wọ́n pè ní ti ìyípadà dé, Dahomey sì ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́. Adja-Ouèrè ni à ń gbé. Mo ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ọkọ̀ akérò ló máa ń bá mi gbé ohun tí mo bá kọ lọ. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Fadá. A ti gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, a kò bímọ.

Nígbà tí àwọn Faransé ń kó ènìyàn ṣe iṣẹ́ tipátipá láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè wa ló sá kọjá sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá ìyàwó mi. Ó tẹ̀dó sí abà kan lẹ́yìn Ìlaró, ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kù níbẹ̀, òun náà sì ti darúgbó. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí obìnrin yìí bí ti ṣaláìsí, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ sí i lọ́wọ́. Bàbá ọmọ náà ti bá tirẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Obìnrin oníṣòwò kan tó ń ná ọjà Pobè ló jẹ́ iṣẹ́ ìyá àgbà náà fún wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀, ó ní:

“Ẹ gbọ́ o, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ó ní: ‘Mo ní ọmọ, n kò ní agbára. Òun ní agbára, kò ní ọmọ. Kó wá.’”

Ìyàwó mi wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn títí oúnjẹ fi jó.

Ìwé ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ilẹ̀ òkèèrè là ń lọ, ọmọ ènìyàn là ń lọ mú bọ̀. A gba ìwé lọ́wọ́ Fadá, a gba ìwé lọ́wọ́ olórí ìlú, a mú ìwé ìgbéyàwó wa, a mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, gbogbo wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀. Inú agolo bisikíìtì ni ìyàwó mi kó wọn sí. Nígbà tí mo bi í bóyá ó ku ọ̀kan, ó ní: “Bí wọ́n bá ní kí á mú ẹ̀rí wá pé a jẹun láàárọ̀, ó wà níbẹ̀.”

Ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ, ọ̀nà ti ń rọ̀, nígbà tí a dé abà náà. Mo dọ̀bálẹ̀ bí àna. Ìyá náà jókòó sórí àpótí, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó ti fi òrí pa á tó ń dán.

“Àna mi, ẹ dìde. Ẹ̀yìn tèmi ló ń ro mí bí mo ṣe ń wò yín nílẹ̀ yẹn.”

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ìyàwó mi kò pè é, kò na ọwọ́ sí i. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà tí ó bá nínú abọ́ bí ẹni pé ilé ara rẹ̀ ló wà. Nígbà tó yá, ọmọ náà wá jókòó ti abọ́ náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà, èyí tó dára ló ń jù nù. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá náà pè mí.

“Mo gbọ́ pé ẹ máa ń kọ ohun tí ènìyàn bá sọ sílẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ẹ kọ tèmi náà.”

Mo mú ìwé kékeré mi jáde. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí: “Bàbá mi kúrò lọ́dọ̀ yín láìmú nǹkan kan. Ìwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ igi kan níbẹ̀, kò tún fojú kàn án títí ó fi kú. Ó máa ń sọ pé òun dà bí ewé tó já. Ọmọ tèmi kò ní kúrò níbí bẹ́ẹ̀. Bó bá ń lọ, igi rẹ̀ ń lọ, pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Bí òjò ọdún yìí bá ti dá, n óò wá wò ó. Bí igi bá yè, ọmọ yín ni. Bó bá kú, ilẹ̀ yẹn kò gbà á nìyẹn; mò ń mú un bọ̀ wálé.”

Kì í ṣe ohun tuntun létí wa. Lọ́dọ̀ wa náà, bí ìwọ́ ọmọ bá já, a máa ń rì í mọ́lẹ̀, a sì ń gbin igi sórí rẹ̀, ti ọmọ náà ni igi yẹn. Ọ̀pẹ ló wọ́pọ̀ ní Adja-Ouèrè. Obì ni wọ́n gbìn fún ti ọmọ yìí. Ó ga tó ìbàdí rẹ̀, ewé rẹ̀ ń dán, ó wà lẹ́bàá balùwẹ̀ níbi tí omi kì í tí í wọ́n.

“Ìyá,” ni ìyàwó mi wí, “bí ewúrẹ́ bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ so ewúrẹ́ yín.”

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ́ sàmì sí ibi tí wọ́n máa gbẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì láti abà kejì ló hú u, ó sì dúró lé wọn lórí, ó ń pariwo: “Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i! Ṣé iṣu lẹ fẹ́ wà ni?” Wọ́n gbé igi náà tòun ti òkìtì erùpẹ̀ rẹ̀ sínú agbọ̀n, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé ìdí rẹ̀. Ó wúwo ju ọmọ náà lọ. Ní ọjọ́ tí a ń lọ, ìyá náà kò sunkún. Ó gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn ìyàwó mi fúnra rẹ̀, ó so ọ̀já, ó fà á le, ó ní, “Ó máa ń yọ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ,” ó sì yí padà wọlé.

Nínú ọkọ̀, àwọn èrò sún fún igi náà. Awakọ̀ bi wá bóyá igi náà máa san owó ọkọ̀. Ọmọ náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, dá a lóhùn: “Igi mi ò tíì dàgbà.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà wò wá fìrí, wọ́n ní kí á máa lọ. A fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ ará apá Abomey, ọkùnrin gíga kan tó ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, tó ń fi Faransé dí ibi tí Yorùbá kò bá tó. Mo ti ń ṣí agolo bisikíìtì kí ó tó béèrè ohunkóhun.

“Kí nìyẹn?”

“Ìwé ọmọ náà, ọ̀gá.”

“Mùsíè, pa agolo rẹ dé. Ọmọ ló wà lẹ́yìn obìnrin. Ta ló ń béèrè ìwé ìyẹn?” Ó wo ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, níbi tí mo sọ agbọ̀n kalẹ̀ sí. “Agbọ̀n yìí ńkọ́?”

Ká ní èmi ni mo dáhùn, bóyá ǹ bá ti ní a ra obì kan láti gbìn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kan ni a ti ń bá ara wa sọ pé òótọ́ nìkan la máa sọ ní ibodè. Ìyàwó mi yára dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ó sọ ti ìwọ́, ó sọ ti ìyá àgbà, ó sọ bí wọ́n ṣe hú u tí erùpẹ̀ kankan kò bọ́.

Ojú ọkùnrin náà yí padà. “Madámù, erùpẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló wà nínú rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ pátá,” ni ìyàwó mi wí.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ìjọba ti pàṣẹ pé igi kankan kò gbọdọ̀ ti òkèèrè wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀, nítorí àrùn tó lè ran àwọn ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ló ń bọ́ gbogbo agbègbè wa. N kò lè bá a jiyàn.

“Ìwọ́ ọmọ wa ló wà níbẹ̀,” ni ìyàwó mi tún wí.

“Mo gbọ́, Madámù. Ìwọ́ tèmi náà wà lábẹ́ ọ̀pẹ kan nílé wa. Bí wọ́n bá gbé ọ̀pẹ yẹn kọjá níbí pẹ̀lú erùpẹ̀, màá mú un.”

Ìyàwó mi tú ọ̀já, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìlà tí wọ́n fà yí igi náà ká. “Ẹ máa lọ sí Pobè,” ni ó wí fún mi. “Èmi ń dúró ti igi.” Ọ̀gá náà wò ó títí, ó wọlé, ó gbé àga onígi kan jáde fún un, ó sì fún ọmọ náà ní ẹ̀kọ àkàsà.

Ní Pobè, wọ́n ní ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba ti lọ wo oko ẹ̀gẹ́ ní Massè. Mo yá kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo fi rí i, òòrùn ti kọjá àtàrí. Ó dúró nídìí ọ̀pẹ kan, ó gbé igbá lọ́wọ́, ẹlẹ́mu ń bẹ lókè. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni ní oko yẹn lọ. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́mu gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè.

“Ọ̀gá, ẹ fún ọmọ ní igi rẹ̀!”

“Ìwọ, mójú tó ẹsẹ̀ rẹ lókè yẹn.”

“Ẹsẹ̀ mi dára. Ọ̀rọ̀ yín ni kò dára.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá kalẹ̀. Ọ̀nà méjì ló fi hàn mí. Ó lè ní kí wọ́n fi omi fọ gbòǹgbò igi náà mọ́ títí kò fi ní ku erùpẹ̀ kankan, kí á sì gbé e lọ sílé ní ọjọ́ yẹn gan-an. Bí a bá fẹ́ kí erùpẹ̀ dúró, igi náà ní láti wọ ọgbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn igi àjèjì ní Pobè, kí ó wà níbẹ̀ títí òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹnu mi ti yà kí n tó rántí ẹni tó ń dúró dè mí.

Nígbà tí mo padà dé ibodè tí mo sọ ọ́, ìyàwó mi kò ronú lé e lórí. “Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, kí la gbé bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìyá? Igi obì kò wọ́n ní Adja-Ouèrè.”

“Bí Ìyá bá dé, tí kò bá igi nínú àgbàlá wa ńkọ́?”

“A ó mú un lọ síbi tó wà.”

Báyìí ni ọmọ ṣe bá wa wálé, tí igi dúró sí Pobè. Àwọn ará àdúgbò ti gbọ́ kí á tó dé. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà wa kígbe pé: “Akọ̀ròyìn! Mo gbọ́ pé wọ́n ti igi ẹ mọ́lé. Kí ni igi jí?” Ìyá arúgbó kan láti Kpoulou, tó ń kiri èlùbọ́, ní tirẹ̀ bi ìyàwó mi bóyá igi náà ní agbẹjọ́rò.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Gbogbo Sátidé ni ìyàwó mi máa ń mú ọmọ wọ ọkọ̀ lọ sí Pobè láti wo igi náà láti ẹ̀yìn wáyà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Nígbà tó yá, ó ku mẹ́rin. Olùṣọ́ ọgbà náà, bàbá àgbà kan láti Oko-Akarè tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kàn ń mi orí.

Ọmọ náà ti ń pe ìyàwó mi ní Màmá nígbà yẹn. Ó ti mọ orin tí wọ́n ń kọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó ti mọ adìyẹ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ìyàwó mi kò ra bàtà fún un. Gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wọ bàtà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tiwa ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán. Nígbà tí mo bi í, ó ní: “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà.” N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Bàtà jẹ́ ohun tí a máa ń rà fún ẹni tó máa dúró.

Òjò dá. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò kan. Ọmọ náà sáré bá a, ó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà fọwọ́ pa á lórí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà nínú àgbàlá, ó ń wá.

“Níbo ló wà?”

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ewé tó jábọ́ pamọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ tán kó tó jókòó.

“Ìjọba mú un.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ìjọba ibí yìí kan náà.”

Mo ní ìjọba Faransé ti lọ, tiwa ló kù. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. “Àna mi, ilé kan náà ni wọ́n ń jókòó sí.” Lẹ́yìn náà ló wí fún ìyàwó mi pé: “Kó aṣọ ọmọ náà jọ. A ó gba ibẹ̀ kọjá lọ́la. Bó bá ti kú, mi ò ní padà wá síbí mọ́, a ti dé ojú ọ̀nà ilé nìyẹn.”

Ìyàwó mi kó aṣọ náà jọ. Kò pọ̀. Àpò kan gbà á.

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rin dé ọgbà náà. Wáyà ló yí i ká, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá náà fi ọ̀pá gbá àgádágodo náà.

“Ṣé ẹ̀wọ̀n nìyí?”

Bàbá olùṣọ́ jáde pẹ̀lú agolo omi lọ́wọ́. “Ìyá, ẹ kú ọ̀nà. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ilé ìwòsàn ni.”

“Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń tì pa?”

“Nítorí àwọn tó ń wá kí aláìsàn ni, Ìyá. Ewúrẹ́ pọ̀ nínú wọn.”

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ wáyà, ṣùgbọ́n kò wo inú rẹ̀. Ojú olùṣọ́ ló ń wò. “Igi obì tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Má wẹ̀yìn. Ewé mélòó ló wà lórí rẹ̀?”

“Mẹ́sàn-án,” ni bàbá náà wí. “Mẹ́tàlá ló gbé dé ibí. Mẹ́sàn-án jábọ́, ó ku mẹ́rin. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi sọ fún ìyàwó mi nílé pé obì ọmọ yẹn ń lọ. Lẹ́yìn náà ló yọ ọ̀kan, lápá ìlà-oòrùn. Ó tún yọ méjì. Ọjọ́rú ìjẹta ló yọ méjì tó kẹ́yìn, wọ́n ṣì pupa. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń fún un lómi.”

Ìyàwó mi, tó ti wá ní Sátidé tó ṣáájú, kò tíì rí ọ̀kankan nínú ewé tuntun wọ̀nyẹn. Ó di wáyà mú.

Ìyá náà wá wo inú ọgbà. Ó fi ìka ka ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibi tó dúró sí, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó kà á dé ìparí, ó tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi: “Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀. Àwọn tó lé bàbá mi kò mọ iye ènìyàn tí wọ́n kó. Èyí mọ iye ewé.”

Ó gba àpò aṣọ ọmọ náà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì gbé e kọ́ ọrùn tèmi. “Ẹ gbé e padà sílé yín.” Ìyàwó mi bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú ọ̀nà, ọmọ náà ń wo ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń béèrè pé ta ló nà án.

Láti ibẹ̀ la gba ilé iṣẹ́ sú-prẹfẹ̀, aṣojú ìjọba ní Pobè, lọ kí ìyá àgbà tó wọ ọkọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ kọ ohun tí ìyá náà sọ sórí ìwé, pé òun fi ọmọ náà fún wa, ó kà á sí wa létí lédè Faransé, mo tú u sí Yorùbá fún un. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Akọ̀wé náà ní ìwé náà á lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ní Àjàṣẹ́. Wọn óò ránṣẹ́ pè wá, èmi àti ìyàwó mi, ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá wa wá kí adájọ́ lè rí i. Bí kò bá sí ẹni tó takò ó, wọn óò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹbí wa. Kò lè sọ oṣù tó máa jẹ́. Kí á máa dúró sílé, ni ó wí.

Ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba wà lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń jáde, ó ti gbọ́ pé ìyá náà dé. Ó kí i dáadáa. Ó ní tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun á tún wo ewé àti erùpẹ̀ náà. Bí kò bá sí àmì àrùn kankan, òun á bu ọwọ́ lùwé, òun fúnra òun á sì gbé igi náà wá sí Adja-Ouèrè nínú ọkọ̀ ìjọba. Kí á gbẹ́ ihò rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbẹ, kí ó jìn tó orúnkún àgbàlagbà, kí ó sì jìnnà sí ọ̀pẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin nǹkan mìíràn sínú rẹ̀ kí òun tó dé.